Ìṣàn, ìjẹná àti yúníìtì: èsì lórí "agbára iná"

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ti ka ohun tí ẹ kọ lórí ẹ̀rọ tó ń ka iná inú ilé. Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Oǹdó ní kí àwọn tó ń túmọ̀ ojú ẹ̀rọ náà kọ "agbára iná" sí iwájú nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà níbẹ̀, ìyẹn áńpù, wáàtì àti kílówáàtì-wákàtí. Wọ́n ní kí a fi "kékeré", "ńlá" àti "àpapọ̀" ya wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, n kò lè fara mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ yẹn ti ní ohun tó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ní Àkúrẹ́ níbí, bí gílóòbù bá ń pọ́n lálẹ́, tí fáànù ń yí bí ẹni tó ń tòògbé, kí là ń wí? "Iná ò lágbára." Àwọn mìíràn á ní "kọ́rẹ́ǹtì ò tó", tàbí "háàfù kọ́rẹ́ǹtì ni wọ́n gbé wá". Fóòtì, ìyẹn ipá tó ń ti iná gba inú wáyà, ni gbogbo wọn ń bá wí. 230 ló yẹ kó jẹ́, ó ti já wá sí 160. Bí a bá wá kọ "agbára iná" síwájú wáàtì, fóòtì ni ẹni tó ń kà á máa rò. Kọ́rẹ́ǹtì náà kò ṣe é lò fún áńpù mọ́, nítorí ìgboro ti fi í fún fóòtì.

Ìṣàn ni kí áńpù máa jẹ́. Ohun tó ń ṣàn kì í tán lójú ọ̀nà. Iye tó gba wáyà kan wọ inú áyọ́ọ̀nù, iye yẹn gan-an ló ń gba wáyà kejì padà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń kìlọ̀ fún ẹni tó ń so ẹ̀rọ náà pé wáyà kan ṣoṣo ni kó fi òrùka rẹ̀ há, ìyẹn òrùka tó ń ka ìṣàn láti ẹ̀yìn wáyà. Bó bá kó méjèèjì pọ̀ sínú òrùka, òdo ló máa rí, kí gbogbo ilé tilẹ̀ máa ṣiṣẹ́, torí pé àlọ àti àbọ̀ ti pa ara wọn rẹ́. Ẹni tí a bá ti kọ́ pé áńpù ni "iná tí a jẹ", òdo yẹn kò ní yé e láéláé. Ìṣàn yìí kan náà ni oníṣẹ́ iná ń rò kó tó sọ pé "wáyà yìí ò lè gbé e". Òun ló ń mú wáyà gbóná, òun ló ń já bírékà, òun ló ń sọ ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì di dúdú.

Wáàtì ńkọ́? Ẹnu àwọn èèyàn ni mo ti mú un: "Áyọ́ọ̀nù yìí ń jẹ iná jù." Ìjẹná, bí a ṣe ń sọ ìmutí. Ẹnì kan ti kọ̀wé pé ó sún mọ́ ìjóná jù. Òótọ́ ni, kò sì yẹ kí ọ̀rọ̀ iná máa dẹ́rù ba onílé. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ "ìwọ̀n ìjẹná" sójú ẹ̀rọ, tí wáàtì sì tẹ̀ lé nọ́ńbà rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa sá jáde.

Àwọn kan béèrè pé kí ni ìṣàn àti ìjẹná fi yàtọ̀, nígbà tó jẹ́ pé a kàn ń fi fóòtì sọ áńpù di púpọ̀ ni. Ẹ wo áyọ́ọ̀nù tí wọ́n ṣe ní wáàtì 1000 fún fóòtì 230. Bí iná bá já sí 160, nǹkan bí áńpù 3 ló máa fà, ìjẹná rẹ̀ kò ní ju bí 480 lọ. Ẹ̀rọ tó jẹ́ òrùka nìkan ló ní, tí kì í ka fóòtì, á ṣì máa fi 230 ṣírò, á sì sọ pé 690. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti fíríìjì, kódà bí fóòtì bá pé, torí mọ́tò inú rẹ̀: ìṣàn lè jẹ́ áńpù 1.5 ní 230, kí ìjẹná má sì ju 240 lọ, dípò 345 tí ìṣírò máa gbé wá. Apá kan ìṣàn náà kàn ń lọ, ó ń bọ̀ ni, kò ṣiṣẹ́ kankan.

Nọ́ńbà kẹta, kílówáàtì-wákàtí tí a ń pè ní yúníìtì, ni mo fẹ́ ká dúró lé díẹ̀. Mo jókòó ti ọ̀kan nínú ẹ̀rọ wọ̀nyí ní Òkè-Àró, nígbà tí fóòtì wà ní 200. Áńpù 0.4, wáàtì 80, yúníìtì 212.46. Wọ́n tan kẹ́tù. Lójú ẹsẹ̀, áńpù fò sí 8, wáàtì fò sí bí 1600. Omi hó, kẹ́tù kú, àwọn méjèèjì já padà síbi tí wọ́n wà. Yúníìtì ti di 212.55, kò sì padà. Nọ́ńbà méjì ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ báyìí. Ọ̀kan ń sọ ohun tó ti lọ, òun la sì ń sanwó fún. A kò lè fi orúkọ kan pe wọ́n.

Àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì fẹ́ kí ó jẹ́ "okun iná". Ọ̀rọ̀ dáadáa ni okun, ṣùgbọ́n lórí fóònù, níbi tí ọ̀pọ̀ kì í ti fi àmì sí ọ̀rọ̀, "okun iná" á di okùn iná, ìyẹn wáyà. Ẹ jẹ́ ká fi yúníìtì sílẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń ra káàdì iná ló mọ̀ ọ́n: ohun tó ń jẹ wáàtì 1000 fún wákàtí kan ti jẹ yúníìtì kan. Áńpù, wáàtì àti fóòtì náà kò gba ìtumọ̀, orúkọ èèyàn ni wọ́n: Ampère ará Faransé, Watt ará Scotland, Volta ará Ítálì.

Ibi tí ìjẹná kò dé ni sólà. Páńẹ́ẹ̀lì orí òrùlé kì í jẹ iná, ó ń mú un wá ni, wáàtì la sì fi ń ka tirẹ̀ náà. "Ìpèsè" ló wà lọ́kàn mi fún nọ́ńbà yẹn lójú ẹ̀rọ. Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, kí ni àwọn tó ń so sólà ní Oǹdó lọ́hùn-ún ń pè é?