Ẹlú tàbí aró òyìnbó fún ẹgbẹ́ aládìrẹ wa?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Àwa obìnrin mélòó kan ní Abẹ́òkúta fẹ́ dá ẹgbẹ́ aládìrẹ sílẹ̀, tí yóò máa kọ́ àwọn opó níṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, tí èrè ọjà yóò sì máa gbé e ró. Ṣé ẹlú, ewé tí a fi ń ṣe aró ìbílẹ̀, ni kí a lò, àbí aró òyìnbó tí í tètè mú aṣọ?

Èsì kìíní
Ẹ kú ìdáwọ́lé. Ẹlú ni mo fara mọ́, ṣùgbọ́n kì í yá: a ó gún ewé rẹ̀, a ó ṣù ú, a ó sá a gbẹ, kí a tó rẹ ẹ́ sínú omi eérú fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi kan. Sódà tí a ń pò mọ́ aró òyìnbó ń jó ọwọ́, ibi tí ẹ ó sì da omi rẹ̀ sí ni ọ̀ràn wà.

Èsì kejì
Ọdún 1983 ni Ìyá Nike Davies-Okundaye, gbajúmọ̀ aládìrẹ, dá ibùdó ìkọ́ṣẹ́ ọnà wọn ní Òṣogbo sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń kọ́ni níbẹ̀. Ọjà ni ìṣòro tiyín, nítorí àdìrẹ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà ti kún Ìtòkú, ọjà àdìrẹ Abẹ́òkúta, ó sì pọ́ọ́kú. Ẹni tó mọyì àdìrẹ ẹlẹ́kọ, èyí tí a fi ìyẹ́ adìyẹ ya ọnà ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́ sí, ni kí ẹ wá lọ.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Àwọn opó kò lè dúró de oníbàárà olówó ńlá kí wọ́n tó jẹun. Aró òyìnbó la ó fi bẹ̀rẹ̀, a ó sì máa gbin ẹlú lọ.

Èsì kìíní
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ ra ìbọ̀wọ́ rọ́bà fún wọn kí ẹ tó ra aró.