Yẹ̀rì kọ́, bàǹtẹ́ kọ́: kí la ó pe kílíìtì àwọn sójà Kánádà?

Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ilé.

Láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láì dá sí i. Toronto ni ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ń gbé. Ó rí àwọn sójà 48th Highlanders, ẹgbẹ́ ológun Kánádà kan, níbi tí wọ́n ti ń yan, ọmọ rẹ̀ wá bi í pé kí la ń pe kílíìtì, aṣọ Skọ́tíláǹdì tó dà bíi síkẹ́ẹ̀tì tó wà nídìí wọn, lédè Yorùbá. Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Ẹnì kan ní yẹ̀rì ni. Ẹlòmíì ní bàǹtẹ́. Àgbà kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gidi ní ká kúkú pè é ní síkẹ́ẹ̀tì ọkùnrin, ká lọ sùn.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, oorun ò tíì yá. Abẹ́ aṣọ ni yẹ̀rì ń gbé. Bó bá yọ síta, wọ́n á ní kí ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ tún ara ṣe. Bàǹtẹ́ ò ju aṣọ péńpé lọ, kílíìtì ológun kan sì lè gba tó yáàdì 8. Síkẹ́ẹ̀tì ọkùnrin ní tiẹ̀, ẹ dán an wò létí ẹni tó wọ̀ ọ́.

Ìró ni mo fara mọ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti fò sókè: "Ìró kẹ̀? Aṣọ obìnrin?" Ẹ fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣe ló wà nídìí ìró: ró, kéèyàn fi aṣọ yí ìdí ká. Ta ló ní obìnrin nìkan ló ń róṣọ? Ẹ wo àwọn àgbà Òṣùgbó nílẹ̀ Ìjẹ̀bú lọ́jọ́ tí wọ́n bá jáde: aṣọ ni wọ́n ró mọ́dìí, tí wọ́n ju ìyókù sí èjìká. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ará òkè Skọ́tíláǹdì ṣe ń wọ tiwọn níbẹ̀rẹ̀. Fèileadh mòr ni wọ́n ń pè é lédè Gaelic, mòr yẹn ni ńlá. Aṣọ gbọọrọ kan ni, wọ́n á ṣẹ́ ẹ léraléra, wọ́n á fi ìgbànú dì í mọ́dìí, èyí tó kù á gun èjìká. Ọ̀rúndún kejìdínlógún ni apá òkè kúrò lára rẹ̀, tó ku fèileadh beag, èyí kékeré, òun ló sì di kílíìtì òní. "Kilt" gan-an kì í ṣe ọ̀rọ̀ Gaelic. Ọ̀rọ̀ ìṣe ló jẹ́ tẹ́lẹ̀, tó túmọ̀ sí kéèyàn ká aṣọ sókè. Ohun tí ọwọ́ ń ṣe sí aṣọ ni wọ́n fi sọ aṣọ lórúkọ, bí àwa náà ṣe mú ìró jáde látinú ró. Kí la tún ń wá?

Àmọ́ ìró lásán ò tó, torí ìṣẹ́po tí wọ́n rán mọ́ ọn lẹ́yìn. (Àwọn télọ̀ wa ń pè é ní pílíìtì, mi ò bá wọn jà.) Mo dábàá ìró oníṣẹ́po. Kí ọmọ yẹn máa pè é ní kílíìtì níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí baba fi ìró oníṣẹ́po là á yé e nílé.

Ẹnì kan fẹ́ ká fi "ti Skọ́tíláǹdì" kún un. Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1746, lẹ́yìn tí ọ̀tẹ̀ àwọn ará òkè yẹn forí ṣánpọ́n, ìjọba London ṣòfin pé ọkùnrin kankan ò gbọ́dọ̀ wọ aṣọ yìí níbẹ̀ mọ́, àfi ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ológun. Ọdún 1782 ni wọ́n tó pa òfin náà rẹ́. Láàárín àkókò yẹn gan-an ni àwọn 78th Fraser Highlanders, ẹgbẹ́ ológun Bìrìtìkó láti òkè Skọ́tíláǹdì, bá Faransé jà ní Quebec, lọ́dún 1759. Aṣọ ológun ló jẹ́ fún wọn, aṣọ ológun ló sì jẹ́ ní Toronto lónìí. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ nínú 48th, ì báà jẹ́ ọmọ Ṣáínà, ì báà jẹ́ ọmọ Ìbàdàn, yóò ró o.

Orúkọ tó dùn mọ́ mi jù ni ti àwọn Black Watch, ẹgbẹ́ ológun Kánádà mìíràn tó ń wọ kílíìtì, tí Montreal ni ibùjókòó wọn láti 1862. Ẹ̀rọ ìtumọ̀ kan fún wa ní "Aago Dúdú", ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbójú kúrò níbẹ̀. Ẹnì kan pè é ní Ẹ̀ṣọ́ Dúdú, ẹlòmíì sì pariwo pé àwọn èèyàn á rò pé sójà aláwọ̀ dúdú ni. Ó tọ́ láti bẹ̀rù bẹ́ẹ̀. Aṣọ wọn ni ọ̀pọ̀ ní ó fa dúdú yẹn: búlúù, àwọ̀ ewé àti dúdú tó bá ara wọn pàdé tìbú tòòró. Lójú òyìnbó, àwọ̀ mẹ́ta ni. Lójú ìyá mi àgbà, dúdú ni gbogbo rẹ̀! Ṣé a kì í pe ẹtù tí wọ́n rẹ sínú aró ní dúdú? Ṣé ewé tó bá yọ̀ dáadáa kì í dúdú minimini? Nítorí náà, Ẹ̀ṣọ́ Aláṣọ Dúdú. Ẹ má sì fi "ọlọ́pàá" tàbí "ọlọ́dẹ" rọ́pò ẹ̀ṣọ́ o. Ọ̀rọ̀ Ọ̀yọ́ ni, ó sì níyì.

Aṣọ onílà yẹn fúnra rẹ̀, mo rí i pé ẹnì kan kọ "aṣọ ẹbí". Mo rẹ́rìn-ín, mo tún ronú. Èyí tí 48th ń wọ̀, ti ìdílé Davidson ni, torí Davidson lorúkọ ọ̀gágun tó kọ́kọ́ darí wọn lọ́dún 1891. Ẹbí wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n aṣọ ẹbí tiwa ń yí pa dà láti òde dé òde, tiwọn kì í yí. Aṣọ tìbú-tòòró ni mo máa kọ.

Àpò onírun tó wà níwájú kílíìtì (sporran), ẹ jẹ́ ká pè é ní làbà ìbàdí. Awọ ni, ó ní ìjàǹjá tó ń fì, bíi ti làbà Ṣàngó. Tòbí tí ẹ dábàá sún mọ́ ọn, abẹ́ ìró ló sá pa mọ́ sí ṣáá. Fìlà glengarry tí wọ́n ń dé kì í ṣe abetí ajá rárá: kò létí, ìrù ló ní, ríbọ́ọ̀nù méjì lẹ́yìn.

Ó ku fèrè alápò, èyí tí òyìnbó ń pè ní bagpipe. Mo gbà á lórúkọ. James Cleland Richardson, ọmọ ogún ọdún nínú bàtálíọ̀nù 16 ti Kánádà, ló fun ún ní October 1916 nílẹ̀ Faransé, nígbà tí wáyà ẹlẹ́gùn-ún dá wọn dúró. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ níwájú wáyà, ó ń fun fèrè títí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi dìde tí wọ́n sì já a gbà. Lẹ́yìn náà ó rántí pé òun gbàgbé fèrè náà sẹ́yìn, ó pa dà lọ mú un, kò sì dé mọ́. Ọdún 2006 ni fèrè náà pa dà dé British Columbia.

Àwọn ọ̀pá tó wà lára rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀kan ni ìka ń rìn lórí rẹ̀, òun ló ń sọ̀rọ̀. Mẹ́ta wà léjìká tó ń kùn lóhùn kan ṣoṣo títí orin fi parí. Mo fẹ́ pe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní ìyá fèrè, kí mẹ́ta tó kù máa jẹ́ omele. Bí ọmọ Àyàn bá wà láàárín wa, kó jọ̀ọ́ sọ fún mi bóyá mo ti ṣì í lò, torí omele tiwa máa ń ta ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tiwọn kì í yẹ̀ rárá.