Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ìwé wo ni ọmọ báńkì ní kí n fọwọ́ sí yìí?

Ìyá Ìbejì, Kétu
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí ọjọ́ Jímọ̀ tó pé. Àgbàdo àti gààrí ni mò ń tà. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń kó owó sí báńkì kan níbí, ó ti di 4 200 000 sẹ́fà. Owó ilé tí mo fẹ́ kọ́ ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan níbẹ̀ pè mí wọ ọ́fíìsì, ó gbé omi tútù fún mi (láti ọdún mẹ́fà, ẹnikẹ́ni ò fi omi lọ̀ mí rí!), ó ní owó mi kàn ń sùn ni, kí n jẹ́ kí òun kó 3 000 000 nínú rẹ̀ síbi tí á ti máa bímọ. Ó na ìwé Faransé ojú ewé mẹ́rin sí mi. Mo ní ojú ń dùn mí, mo gbé e wálé. Ìgbà tí àkọ́bí mi kà á, ó ní orúkọ tó wà lórí ìwé jọ ti báńkì, àmọ́ kì í ṣe báńkì gan-an, SGI ló wà níwájú rẹ̀. Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀? Bó bá di wàhálà, ta ni mo máa dì mú?

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́
Ìyá, ẹ má fọwọ́ sí i! Mo ti jẹ iyán rẹ̀ níṣu. Ní 2010 mo kó owó kájú mi, 800 000, fún àwọn kan tó ní àwọn ń sọ owó di púpọ̀. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, èlé ń wọlé geere. Nígbà tó di oṣù kẹrin, àgádágodo ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà wọn.

Bàbá Àjàṣẹ́
Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má da ìwọ̀nyí pọ̀. Àwọn tó jẹ owó yín kò níwèé àṣẹ. SGI níwèé àṣẹ. Àwọn ló ń báni ra aksíọ̀n, ìyẹn ìpín nínú ilé iṣẹ́, àti ìwé gbèsè ìjọba, ní BRVM, ọjà aksíọ̀n tó wà ní Abidjan. Mo ṣiṣẹ́ báńkì ní Kutonú kí n tó fẹ̀yìn tì.

Ìyá Ìbejì, owó tí ẹ fi pamọ́ sí báńkì, báńkì ló jẹ yín ní gbèsè rẹ̀. Aksíọ̀n ńkọ́? Kò sẹ́ni tó jẹ yín ní gbèsè yẹn. Bó bá gbówó lórí, ẹ jèrè. Bó bá já wálẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa gbé e. Ìdí nìyẹn tí orúkọ fi yàtọ̀ lórí ìwé.

Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ fi ojú rí i. Báńkì tó ń gba owó ìyálọ́jà náà ló tún ń ta aksíọ̀n. Ọjà wó lulẹ̀ ní 1929, ẹgbẹẹgbẹ̀rún báńkì sì tilẹ̀kùn. Ní 1933, Carter Glass àti Henry Steagall gbé òfin kan wá: yan ọ̀kan, o kò lè ṣe méjèèjì. Torí òfin yẹn ni àwọn kan fi kúrò ní báńkì J.P. Morgan, tí wọ́n dá Morgan Stanley sílẹ̀ ní 1935 fún iṣẹ́ aksíọ̀n. Ní 1999 wọ́n yọ èyí tó le jù nínú òfin náà kúrò. Láti 2019, Gẹ̀ẹ́sì náà ti ní kí àwọn báńkì ńlá wọn ya owó aráàlú sọ́tọ̀.

Odi ni irú òfin bẹ́ẹ̀ jẹ́ láàárín owó yín àti aksíọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará Kétu, ẹ mọ ọ̀rọ̀ odi ju èmi lọ. Ní 1886, Dàhọ̀mì dó ti odi yín títí ebi fi mú ará inú rẹ̀. Àwọn báńkì ìjọba wa ní Bẹ̀nẹ̀ tó dẹnu kọlẹ̀ nígbà tí àwọn ọdún 1980 ń parí lọ, aksíọ̀n kọ́ ló pa wọ́n. Owó tí wọ́n yá àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba àti àwọn ẹni ńlá, tí wọn ò san, ló pa wọ́n. Odi dára, kò sì gba gbogbo ogun.

Àbúrò Èkó
Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ọ̀dọ̀ tiwa níbí, láti 2001 ni wọ́n ti fàyè gba báńkì láti ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀. Wọ́n wá ń yá èèyàn lówó láti fi ra ṣíà. Ṣíà já ní 2008. Ní oṣù kẹjọ 2009, Sanusi, gómìnà báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà nígbà náà, yọ àwọn ọ̀gá báńkì kan nípò, nígbà tó sì di 2010 wọ́n fòpin sí àṣà yẹn: ta ìyókù, tàbí kó o kó wọn sábẹ́ ilé iṣẹ́ òbí kan. Kì í ṣe pé ó tán pátápátá o, àmọ́ ẹ ó rí “Holdings” lára orúkọ wọn báyìí.

Ìyá Ìbejì, Kétu
Ẹ ṣeun. Tí mo bá wá fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ sí báńkì, ṣé ọkàn mi balẹ̀?

Bàbá Àjàṣẹ́
Kò tíì balẹ̀ tán. Àpò kan wà fún gbogbo ilẹ̀ tó ń ná sẹ́fà wa yìí, FGDR. Bí báńkì bá kú, 1 400 000 ni àpò náà ń san dé, fún ẹnì kan ní báńkì kan. Ní ilé àjọ kékeré, 300 000 ni. Kò kan aksíọ̀n rárá. Ẹ pín owó yín sí báńkì méjì tàbí mẹ́ta. Kí ẹ sì ní kí ọmọ yẹn kọ ọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú òǹtẹ̀: “Báńkì ló jẹ Ìyá Ìbejì ní gbèsè 3 000 000 yìí.” Ẹ máa wo ojú rẹ̀.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́
Èmi ò tíì gbà. Ilẹ̀ ni kí ẹ rà.

Ìyá Ìbejì, Kétu
Mo ti lọ o. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun á bi ọ̀gá. Mo jókòó títí, àfi ìgbà tó padà wá tó ní ìyẹn ò ṣeé kọ. Mo dá ìwé rẹ̀ padà. Mo gba 2 800 000, mo pín in sí báńkì méjì mìíràn, ìyókù ṣì wà níbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn ò fi omi lọ̀ mí.