Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: irinṣẹ́ ìdárayá wo ni kí n rà fún màmá mi lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ orúnkún?

Ọmọ Màmá:
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún màmá mi, wọ́n pààrọ̀ oríkèé orúnkún ọ̀tún wọn. Ẹni ọdún 68 ni wọ́n. Ó ti lé ní oṣù méjì báyìí, ojú abẹ ti jinná, dókítà sì ní ohun gbogbo ń lọ bó ṣe yẹ. Físíò, ìyẹn ẹni tó ń fi ìdárayá tọ́jú wọn, ti parí iye ìgbà tí wọ́n ṣètò, ó ní kí wọ́n máa bá ìdárayá lọ nílé.

Wọ́n ń fi ọ̀pá rìn dáadáa. Àmọ́ tí wọ́n bá fẹ́ dìde lórí àga, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ti ara wọn sókè. Tí wọ́n bá ń gun àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ òsì ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Itan ọ̀tún ti fọn, ojú lásán ti tó láti rí i pé ó kéré sí èkejì.

Màmá kì í gbé ojú kan, wọ́n máa ń lọ láti ilé ọmọ kan sí ti èkejì, torí náà ohun tí mo bá rà gbọ́dọ̀ wọ inú báàgì. Mo ti rí kẹ̀kẹ́ kékeré tí èèyàn ń jókòó sórí àga wà. Mo rí rọ́bà gígùn tí wọ́n ń fà, aláwọ̀ oríṣiríṣi. Mo rí àpò ìwúwo tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, mo tún rí ẹ̀rọ oníbátìrì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ itan kó lè máa mú iṣan sún kì. Gbogbo àwọn tó ń tà á ló ní tàwọn ló dára jù. Èwo ló máa jẹ́ kí màmá mi dìde láìfọwọ́ ti nǹkan kan? Mi ò fẹ́ ra ohun tí yóò kàn di ẹrù sí wọn lọ́rùn.

Bọ̀dá Oníkẹ̀kẹ́:
Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Ẹ ra kẹ̀kẹ́ kékeré yẹn, ẹ má wulẹ̀ ronú jìnnà. Orúnkún tèmi náà máa ń le gbagidi láàárọ̀, tí mo bá ti wà á díẹ̀, ara á yá, màá sì dìde. Ó fúyẹ́, wọ́n lè máa wà á nígbà tí wọ́n bá ń gbọ́ rédíò. Ẹ ṣáà fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri kí ẹ sì tẹ́ rọ́bà sábẹ́ rẹ̀, torí lórí táìlì ó máa ń sá síwájú.

Físíò Àgbà:
Ọmọ Màmá, ẹ ṣeun tí ẹ ṣàlàyé ohun tí màmá ò lè ṣe, kì í ṣe ibi tó ń dùn wọ́n nìkan. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí ríra irinṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ iṣan iwájú itan ni dídìde lórí àga àti gígun àtẹ̀gùn. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ orúnkún, wíwú àti ìrora máa ń dí iṣan yẹn lọ́wọ́, kò ní lè sún kì tán bí onítọ̀hún tilẹ̀ ń gbìyànjú. Ó máa ń fọn kíákíá, rírìn nìkan kì í sì í dá a padà. Ẹrù ló ń fẹ́, ẹrù tó wúwo tó láti rẹ̀ ẹ́, tí a ó sì máa fi kún un bó bá ṣe ń lágbára.

Kẹ̀kẹ́ tí Bọ̀dá sọ dára fún kí orúnkún máa ká kó sì máa nà, ó ń mú ẹ̀jẹ̀ lọ káàkiri. Mo máa ń ní kí àwọn èèyàn wà á fún ìṣẹ́jú 5 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìdárayá gan-an. Ṣùgbọ́n ohun tó ń mú kí wíwà rẹ̀ le lára ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lágbára tó láti mú itan tó ti fọn padà bọ̀ sípò. Tí wọ́n bá fi oṣù mẹ́fà wà á láìfi nǹkan mìíràn kún un, ọwọ́ ni wọ́n ṣì máa fi ti àga.

Ohun tí màmá nílò jù wà nílé gbogbo ọmọ tí wọ́n bá lọ: àga tó dúró dáadáa, tí kò ní táyà, tí ẹ fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri. Ẹ fi ìrọ̀rí tó le gbé ibi ìjókòó ga títí wọ́n á fi lè dìde láìfọwọ́ ti nǹkan. Kí wọ́n ka 1, 2, 3 bí wọ́n bá ń jókòó padà, kí wọ́n má ṣe jábọ́ sórí àga. Tí wọ́n bá ti lè ṣe é ní ìgbà 10 láìsí wàhálà, ẹ yọ ìrọ̀rí kan. Nígbà tí ìrọ̀rí bá tán, kí wọ́n fa ẹsẹ̀ ọ̀tún sẹ́yìn díẹ̀ ju ti òsì lọ, torí ẹsẹ̀ tó bá wà lẹ́yìn ló ń gbé ẹrù jù. Ẹ kíyè sí ìyẹn dáadáa. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń dìde ní ìgbà púpọ̀ lójúmọ́, tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ tó dá ṣáṣá ló ń ṣe gbogbo rẹ̀.

Ohun tí mo ní kí ẹ rà kò ju méjì lọ. Àkọ́kọ́ ni àpò ìwúwo ọrùn ẹsẹ̀, irú èyí tí ẹ lè yọ ìwúwo inú rẹ̀ kí ẹ sì dá a padà, kó lè bẹ̀rẹ̀ láti ìlàjì kílò títí dé kílò 2. Tí wọ́n bá jókòó tí wọ́n ń na ẹsẹ̀ síwájú, ìgbà tí ẹsẹ̀ bá fẹ́ẹ̀ nà tán ló máa ń wúwo jù, ibẹ̀ sì ni agbára wọn máa ń tán sí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Kí wọ́n dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ níbẹ̀. Èkejì ni rọ́bà pẹrẹsẹ gígùn, aláwọ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Ó ṣeé ká bí ìwé, kò wúwo rárá.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:
Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ààbò kún ti Físíò. Kí màmá má ṣe sé èémí bí wọ́n bá ń gbé nǹkan, ó máa ń ti ẹ̀jẹ̀ ríru sókè lójijì. Kí wọ́n máa kà sókè, ẹni tó bá ń kà kò lè sé èémí.

Tí iṣan ẹ̀yìn ojúgun bá wú lójijì, tó gbóná, tó ń dun wọ́n bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ẹ má ṣe fọwọ́ ra á, ẹ má sì ní kí wọ́n ṣe ìdárayá. Ẹ̀jẹ̀ lè ti dì níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Tí èémí bá ń há wọn tàbí àyà ń dùn wọ́n, pàjáwìrì nìyẹn, ẹ má dúró di àárọ̀. Tí ojú abẹ bá pọ́n, tó ń sun omi, tí ara wọn sì gbóná, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ṣiṣẹ́ abẹ náà rí i.

Ní ti ẹ̀rọ oníbátìrì yẹn, oríṣi méjì ló wà, wọ́n sì jọra wọn lójú. Èyí tí wọ́n ń pè ní TENS, ìrora ló wà fún, kì í fi agbára kún iṣan. Èyí tó ń mú iṣan sún kì ni NMES. Ó wúlò gan-an ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, nígbà tí èèyàn ò tíì lè fúnra rẹ̀ mú itan le. Màmá tó ti ń fi ọ̀pá rìn ti kọjá ibi tó ti pọn dandan. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá sì fi ẹ̀rọ tó ń darí ìlù ọkàn sí láyà kò gbọ́dọ̀ lò ó láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ fọwọ́ sí i.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ̀yin tí ẹ mẹ́nu kan rọ́bà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wọn béèrè bóyá ara màmá kọ latex, ìyẹn oje igi tí wọ́n fi ń ṣe rọ́bà. Ara bàbá mi máa ń yún wọn, á sì lé, bí èyí tó ní latex bá kàn án. Irú tí kò ní latex wà, wọ́n máa ń kọ ọ́ sára páálí rẹ̀.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ló ṣe bàbá, ọwọ́ òsì wọn ni kò fẹ́ ṣiṣẹ́. Wọn ò lè di rọ́bà mú, torí náà a so ó ní kókó ńlá kí ó di òrùka, ọwọ́ wọn á wọ inú rẹ̀ láìfi ìka dì í. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ló kọ́ wa. Fún ìka wọn, amọ̀ rírọ̀ tí wọ́n ṣe fún ìtọ́jú ọwọ́ la rà, wọ́n ń fún un, wọ́n ń fi ìka méjì já a díẹ̀díẹ̀. Inú ike kékeré ló ń gbé, kò sì gba àyè rárá.

Bọ̀dá Oníkẹ̀kẹ́:
Físíò, mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ nípa itan, mo gbà. Ṣùgbọ́n ṣé kò léwu láti máa gbé ìwúwo ka ẹsẹ̀ ẹni ọdún 68 tí irin wà nínú orúnkún rẹ̀? Àwọn àgbà ilé wa á ní kí wọ́n sinmi.

Olùkọ́ Ìdárayá:
Bọ̀dá, ìbéèrè yẹn ti pẹ́ gan-an. Kó tó di ọdún 1945, ìdárayá fífúyẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní àìmọye ìgbà ló wọ́pọ̀ fún ẹsẹ̀ tó fara pa. Dókítà ológun kan ní Amẹ́ríkà, Thomas DeLorme, wá bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ogun tí orúnkún wọn bà jẹ́ ní ìwúwo gidi, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 1945. Ohun tó ṣe ni pé ó wá ìwúwo tí ẹni náà lè gbé ní ìgbà 10 péré. Ètò tó wá gbilẹ̀ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni pé kí onítọ̀hún fi ìlàjì ìwúwo náà ṣe 10, kó fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ṣe 10, kó wá fi gbogbo rẹ̀ ṣe 10. Bí agbára bá lé, kí ìwúwo náà lé.

Ní ti ọjọ́ orí, lọ́dún 1990, Maria Fiatarone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn arúgbó ẹni nǹkan bí 90 ọdún tí wọ́n ń gbé ní ilé ìtọ́jú. Wọ́n fi ọ̀sẹ̀ 8 gbé ìwúwo pẹ̀lú ẹsẹ̀, agbára iṣan itan wọn sì fi ìpín 174 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Ní ẹni 90 ọdún o! Àjọ Ìlera Àgbáyé náà sọ ọ́ lọ́dún 2020 pé kí àwọn tó ti pé 65 máa ṣe ìdárayá tó ń fún iṣan lágbára ní ọjọ́ 2 ó kéré tán lọ́sẹ̀, kí wọ́n sì máa ṣe ti ìdúróṣinṣin, kí wọ́n má baà ṣubú, ní ọjọ́ 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ máa wọ̀ ọ́.

Ọmọ Màmá:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, Ọlọ́run á bá wa tọ́jú àwọn òbí wa. Físíò, ẹ jọ̀ọ́ ìbéèrè mẹ́ta. Àwọ̀ rọ́bà wo ni kí a fi bẹ̀rẹ̀? Ibo ni kí a so ó mọ́? Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ìrora tó bá yọjú ti pọ̀ jù?

Físíò Àgbà:
Àwọ̀ ò dọ́gba láti ilé iṣẹ́ kan sí èkejì, torí náà ẹ ra ti ilé iṣẹ́ kan náà. Nínú ti TheraBand, yẹ́lò rọ̀ ju pupa lọ, pupa rọ̀ ju àwọ̀ ewé lọ, lẹ́yìn náà búlúù, lẹ́yìn náà dúdú. Tí ẹ bá fa èyí tó gùn mítà 1 títí ó fi di mítà 2, yẹ́lò á fa yín padà pẹ̀lú agbára bíi kílò 1.3, pupa 1.7, àwọ̀ ewé 2.1. Ẹ rí i pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kéré, ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ fún àgbàlagbà nìyẹn. Ẹ fi pupa bẹ̀rẹ̀. Tí ìgbà 15 bá ti rọrùn, ẹ bọ́ sí àwọ̀ ewé.

Ẹ so ó mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì tó wúwo. Tó bá jẹ́ ilẹ̀kùn lẹ máa lò, kí màmá dúró síbi tí fífà wọn á ti máa pa ilẹ̀kùn dé, kì í ṣe ibi tí á ti máa ṣí i. Kí ẹ tó lò ó nígbàkígbà, ẹ nà án sí ìmọ́lẹ̀ kí ẹ wò ó bóyá ó ti ya létí. Tó bá ti ya bó ti wù kó kéré mọ, ẹ sọ ọ́ nù, torí tó bá já, ojú ló sábà máa ń lọ. Ẹ má ṣe sá a sí oòrùn.

Ìrora díẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe é kì í ṣe àjèjì. Ẹ wo àárọ̀ ọjọ́ kejì. Tí orúnkún bá padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ẹ tẹ̀ síwájú. Tó bá wú sí i tí ìrora sì wà níbẹ̀, ẹrù ti pọ̀ jù, ẹ dín in kù, ẹ má dá a dúró pátápátá.

Kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, ẹ máa ka iye ìgbà tí wọ́n lè dìde tí wọ́n sì jókòó láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30, kí wọ́n ká ọwọ́ sí àyà. Fún obìnrin ẹni ọdún 65 sí 69, tí kò bá tó 11, ó ti kéré, ó sì lè mú kí wọ́n tètè ṣubú. Tí wọ́n bá fi ọwọ́ ti nǹkan, òdo ni ẹ máa kọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ọmọ tí wọ́n bá lọ bá lè rí ibi tí wọ́n bá a dé.

Mo tún fẹ́ béèrè: ọwọ́ wo ni màmá fi ń di ọ̀pá mú? Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n máa fi ìrọ̀rí sábẹ́ orúnkún sùn, kì í jẹ́ kó nà tán.

Ọmọ Màmá:
Ọwọ́ ọ̀tún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí. Ìrọ̀rí náà wà níbẹ̀ lálaalẹ́. Mo ń yọ ọ́ lálẹ́ òní.

Físíò Àgbà:
Ẹ gbé ọ̀pá sí ọwọ́ òsì. Kí ọ̀pá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún jọ máa lọ síwájú. Kí orí ọ̀pá dọ́gba pẹ̀lú ọrùn ọwọ́ wọn nígbà tí apá bá rọ̀ sílẹ̀. Lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ òsì ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé bí wọ́n bá ń gòkè, ẹsẹ̀ ọ̀tún bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀, títí ẹsẹ̀ ọ̀tún á fi lágbára tó láti gbé wọn gòkè.