Lórí “áàpù”, “ìjẹta” àti ọjọ́ ìkúnlẹ̀: èsì láti Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin ará wa,

Ẹ kú iṣẹ́ èdè. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ lórí bí a ṣe máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ áàpù ìlera obìnrin sí Yorùbá, iṣẹ́ alẹ́ ni kò jẹ́ kí n ráyè fèsì. Ìbéèrè àbúrò wa tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ò ju báyìí lọ: àwọn áàpù tó wà lórí fóònù òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù aláboyún, kí ni kí òun máa pè wọ́n bí òun bá ń bá ìyá kan láti Ìtòkú sọ̀rọ̀? Mẹ́ta ló dárúkọ. Èkíní ń ṣírò ìgbà tí oyún máa pé. Èkejì ni ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2019 lórí ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Ẹ̀kẹta ni Safe Delivery App tí Maternity Foundation ti ilẹ̀ Denmark ṣe fún àwọn agbẹ̀bí. Láti ìgbà yẹn, orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, “áàpù”, la ṣì wà.

Bàbá wa ní Ìbàrà ní “ìṣàfilọ́lẹ̀” ni ká máa pè é. Mo bọ̀wọ̀ fún ewú orí wọn. Ṣùgbọ́n mo bi ìyá kan tó ń ta àdìrẹ léèrè ohun tó ń jẹ́ ìṣàfilọ́lẹ̀, ó ní, “Ṣé ilé ni wọ́n fẹ́ fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lọ́lẹ̀ ni?” Mo wá fi èyí tó wà lórí fóònù rẹ̀ hàn án. Ó ní, “Áàpù kẹ̀! Òun ni mo fi ń gbowó.” Ní tèmi, ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀. Nígbà tí Henry Townsend, míṣọ́nnárì ará Gẹ̀ẹ́sì nì, bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn rẹ̀ ní ìlú wa yìí ní 1859, ìwé wà nílẹ̀, ìròyìn wà nílẹ̀, ó so méjèèjì pọ̀, títí dòní orúkọ yẹn là ń pe gbogbo irú rẹ̀. Ibi tí irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ti wọlé láìfipá, ká lò ó. Ibi tí kò bá ti wọlé, ẹni tó ń sọ nọ́ọ̀sì àti fóònù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kò ní kú bó bá sọ áàpù.

“Ìlera abo” tí ẹnì kan kọ ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó dé wọ́ọ̀dù. Ewúrẹ́ ló ní akọ àti abo. Obìnrin lẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. “Ìlera abiyamọ” dùn létí, àmọ́ ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún tí inú ń rún lóṣooṣù kì í ṣe abiyamọ, òun náà sì wà nínú ohun tí à ń wí. Ìlera obìnrin ti tó.

Ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ̀wé gan-an rèé. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń bọ́ áàpù ló ń dà wá láàmú ju orúkọ rẹ̀ lọ.

Níbi kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ìyá oníṣòwò ẹja kan wá forúkọ oyún sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nídìí tábìlì gbé fóònù dání, ó bi í pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, “Mà, ìgbà wo lẹ rí nǹkan oṣù yín kẹ́yìn?” Ìyá náà fi ìka ka nǹkan lórí itan rẹ̀, ó ní, “Ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà.” Ọmọ náà tẹ̀ ẹ́ sínú áàpù, áàpù sì dáhùn kí ó tó mí: ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹta. Wọ́n kọ ọ́ sórí káàdì. Ìfúnpá rẹ̀ ni mò ń wò lọ́wọ́, ni mo bá bi í bí ẹni ń tàkúrọ̀sọ pé, “Ọjọ́ kẹwàá yẹn, ṣé ọjọ́ náà ló bẹ̀rẹ̀ ni?” Ó wò mí bí ẹni tí kò gbédè. “Ọjọ́ náà ló dá. Ṣebí wọ́n ní ìgbà tí mo rí i kẹ́yìn.”

Ìyá jàre. Ọjọ́ kẹfà ló bẹ̀rẹ̀, ó rí i fún ọjọ́ márùn-ún, ọjọ́ kẹwàá ló rí i kẹ́yìn. Yorùbá tí a sọ sí i ló dáhùn. Bẹ́ẹ̀, láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni áàpù ń ka 280 ọjọ́, gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí dókítà ará Jámánì nì, Naegele, fi sílẹ̀: fi ọjọ́ méje kún un, sún un síwájú ní oṣù mẹ́sàn-án. Ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta ló yẹ kó wà lórí káàdì. Ọjọ́ mẹ́rin lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan, àmọ́ bí oyún bá ti wọ ọ̀sẹ̀ kọkànlélógójì, tí àwọn dókítà ń jiyàn bóyá kí wọ́n fa ìrọbí wá, ọjọ́ mẹ́rin kì í ṣe ẹgbẹ́ eré.

Ohun tí mo ń bèèrè báyìí nìyí: “Èyí tó wá gbẹ̀yìn, ọjọ́ wo ló bẹ̀rẹ̀?” Kò ní èdè ìperí kankan nínú. Kò tíì já mi kulẹ̀.

Ìṣirò ọjọ́ tún ni. Ẹnì kan túmọ̀ ìránnilétí áàpù sí “ẹ padà wá ní ọjọ́ méje sí òní”. Ẹ jẹ́ ká rántí bí àwa ṣe ń kà. Ìjẹta, ẹ̀ta ló wà níbẹ̀, fóònù ó sì ní ọjọ́ méjì ni. Ọjà ọrọọrún, ọjọ́ mẹ́rin ni fóònù máa kà láàárín ọjà kan sí èkejì. Ìtàdógún, ẹ̀tàdínlógún ló wà lẹ́nu wa, mẹ́rìndínlógún ni tirẹ̀. Ọmọ tí a bí lọ́jọ́ Ajé, Ajé tó tẹ̀ lé e là ń sọ ọ́ lórúkọ, ọjọ́ kẹjọ la sì ń pè é. Àwa ń ka òní mọ́ ọn. Nítorí náà, ìyá tí wọ́n ní kó wá ní ọjọ́ méje sí òní lè dé ní ọjọ́ kan ṣáájú, ẹni tó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà á sì ní kì í ṣe òní yín, mà. “Òní ọjọ́ mẹ́jọ” ni kí ẹ kọ, tàbí kí ẹ dárúkọ ọjọ́ náà gan-an: ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé fóònù pàápàá ò dúró sójú kan. Bó bá ń ka ọjọ́ orí oyún, odo ló ń bẹ̀rẹ̀: ọjọ́ kẹjọ ni ọ̀sẹ̀ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀nà ìfètò-sọ́mọ-bíbí tí obìnrin fi ń yẹra fún ìbálòpọ̀ láti ọjọ́ kẹjọ sí ọjọ́ kọkàndínlógún, ọjọ́ tí nǹkan oṣù yọjú gan-an ni ọjọ́ kìn-ín-ní. Bí Yorùbá ṣe ń kà gan-an nìyẹn! Ẹni tó bá fẹ́ túmọ̀ áàpù méjèèjì, kó mọ èyí tó dì mú.

Ti ọ̀sẹ̀ kò gba àkókò. Lóòótọ́ ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ àwọn baba wa, àmọ́ kò sí ẹni tó ń ṣi èyí gbọ́ mọ́ ní Abẹ́òkúta. Oṣù ló ń fa wàhálà. Aláboyún á sọ oṣù mẹ́sàn-án di ọ̀nà mẹ́rin, á rí ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógójì, bẹ́ẹ̀ ogójì ọ̀sẹ̀ ni 280 ọjọ́ tí áàpù ń kà. Bí áàpù bá wá kọ ọ̀sẹ̀ méjìdínlógójì sí i lójú, á ní oyún òun ti kọjá oṣù. Mo ti bá aláboyún nu omijé nítorí èyí rí.

Ó wá ku ọjọ́ tí à ń retí ọmọ fúnra rẹ̀. “Ọjọ́ ìfojúsọ́nà ìbímọ” tí wọ́n dá lábàá ń mí hẹlẹhẹlẹ. Àwọn obìnrin ní “déètì mi”, ó sì yé gbogbo wa. Bí a bá fẹ́ Yorùbá, ìkúnlẹ̀ ń bẹ, láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Àbúrò kan ní àwọn obìnrin òde òní kì í kúnlẹ̀ bímọ mọ́. Ìwé ìròyìn pàápàá, orí fóònù là ń kà á báyìí, ìwé la ṣì ń pè é. Ibi tí mo ti yẹsẹ̀ díẹ̀ ni “ọjọ́”. Bí o bá dá ọjọ́ fún Yorùbá, o ti ṣe àdéhùn, bẹ́ẹ̀ nínú ogún ọmọ, ẹyọ kan péré ló máa ń dé ní ọjọ́ tí áàpù kọ. Àsìkò ìkúnlẹ̀ ni màá yàn, kí a wá kọ déètì sí abẹ́ rẹ̀.

Lórí áàpù ìfètò-sọ́mọ-bíbí, mo lòdì pátápátá sí “ẹ̀tọ́” tí wọ́n fi túmọ̀ “eligibility”. Bí áàpù yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé o máa yan ohun tó ń ṣe obìnrin náà, á sì fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà láti 1 dé 4. 1 ni pé kò sí ìdíwọ́. 4 ni pé má ṣe dá a láṣà. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tó sì ń fún un lọ́mú, 4 ni fún oògùn oníhóró alápapọ̀, èyí tó ní họ́mọ́ọ̀nù oríṣi méjì. Ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 160 lórí 100, 4 náà ni. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń fi sílé ọmọ, tó ní kọ́pà lára, 1 ni fún ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ga yẹn. Ẹ wo ìyá tí a bá sọ fún pé “ẹ ò lẹ́tọ̀ọ́ sí oògùn yìí”. Lọ́kàn rẹ̀, owó ló kù tàbí ẹni tó mọ̀ níbẹ̀ ni kò sí. Ara ni ọ̀rọ̀ náà dá lé: ara yín gbà á, ara yín ò gbà á. Mo mọ̀ pé àléébù kan wà níbẹ̀. Ẹlòmíràn á rò pé ó dìgbà tí òun bá lò ó wò kí ara tó kọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó gbé e wá, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ ẹ̀tọ́.

Orúkọ áàpù kọ̀ọ̀kan, ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Bí ẹ bá sọ Safe Delivery di Ìsọ̀kalẹ̀ Àǹfààní, àdúrà dáadáa ni, àmọ́ ta ló máa rí i nígbà tó bá ń wá a lórí Play Store? Ohun tó yẹ kí ẹ sọ fún àwọn agbẹ̀bí nípa rẹ̀ ni pé bó bá ti wọ fóònù tán, ó ń ṣiṣẹ́ láìsí dátà.

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú àti Yewa, báwo lẹ ṣe ń bèèrè ọjọ́ tí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀? Gbólóhùn náà gan-an ni mo fẹ́, bó ṣe ń jáde lẹ́nu, kì í ṣe bó ṣe yẹ kó rí nínú ìwé. Àbúrò wa ń padà sí wọ́ọ̀dù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Agbẹ̀bí yín,
Abẹ́òkúta