Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kíákíá: owó idẹ Róòmù, gbàǹjo máa parí lálẹ́ òní

Ọmọ_Odò_Ọ̀nà: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ ṣàánú mi. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ òní ni gbàǹjo orí íntánẹ́ẹ̀tì kan máa parí. Owó idẹ mẹ́ta ni mo ń wò, orúkọ ẹni tí orí rẹ̀ wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo fi ń pè é: Probus, Crispus, Quintillus. £45 péré ló wà lọ́wọ́ mi, ẹyọ kan ṣoṣo ni mo lè rà. Mi ò fẹ́ Késárì tí gbogbo ayé mọ̀. Èwo ni kí n mú?

Onídẹ: Fọ́tò dà? Kí ni wọ́n kọ sísàlẹ̀ ẹ̀yìn Crispus yẹn? Tó bá jẹ́ PLON, London níbí ni wọ́n ti lù ú, má jẹ̀ẹ́ kó lọ. Àkọ́bí Constantine, ọba Róòmù, ni. Òun ló ṣẹ́gun àwọn ọkọ̀ ojú omi Licinius, ọba tó ń bá bàbá rẹ̀ du oyè, ní 324, bàbá rẹ̀ sì ní kí wọ́n pa á ní 326. Wọ́n ha orúkọ rẹ̀ kúrò lára òkúta kiri, ṣùgbọ́n ta ló lè ha á kúrò lára owó tó ti tàn dé ọwọ́ aráyé?

Ẹ̀gbọ́n_York: Àbúrò, ṣé ọba Septimius Severus ò sí níbẹ̀ ni? Ọmọ Áfíríkà ni. Leptis Magna ní Líbíà ni wọ́n bí i sí, York níbí ló kú sí ní 211. Irú rẹ̀ ló yẹ ká máa rà.

Onídẹ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹyọ idẹ ńlá Severus tí ojú rẹ̀ ṣì hàn, £45 ò lè kàn án. Mẹ́ta ló sì dárúkọ.

Ìyá_Ìbejì_Peckham: Kó o tó dá iye lé èyíkéyìí, gbọ́ tèmi. Mo ra Licinius kan lọ́wọ́ oníṣòwò kan. Ó dúdú, ó ń dán, ó wù mí gan-an. Mo kó o pọ̀ mọ́ mẹ́sàn-án mìíràn nínú àpótí, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nínú yàrá tí ògiri rẹ̀ máa ń làágùn nígbà òtútù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, mo ṣí i. Nǹkan bí ìyẹ̀fun, àwọ̀ ewé títutù, ti yọ létí ọba náà. Mo fi igi ìtayín kàn án, ó rún sórí aṣọ tábìlì, ihò ló kù níbi tí etí wà. Mẹ́rin nínú àwọn yòókù ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó tà á ní dáadáa ló kúrò lọ́wọ́ òun, kò dá kọ́bọ̀ padà. Nǹkan dúdú ni wọ́n fi kùn ún lójú kí n má baà rí i. Ó ṣì ń dùn mí.

Ará_Òkè: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Àrùn idẹ ni wọ́n ń pè é, bó ṣe máa ń ràn nìyẹn. Èyí tó bá ti ní in, kí ẹ sọ ọ́ nù.

Onídẹ: Kì í ràn bí ìgbóná! Iyọ̀ inú ilẹ̀ ló ti wọnú idẹ náà. Tó bá ti rí ọ̀rinrin, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Yàrá yẹn ló ṣe gbogbo wọn. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tí kò níyọ̀, irú èyí tí wọ́n ń tà fún áyọ́ọ̀nù, kí ẹ máa pààrọ̀ omi náà. Ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ kàn án.

Ará_Òkè: Mo rẹ tèmi fún oṣù méjì, ó tún padà wá.

Onídẹ: Ṣé ẹ jẹ́ kó gbẹ dénú? Ṣé ẹ fi sílíkà, èyí tó ń fa ọ̀rinrin mu, sínú àpótí rẹ̀?

Ìyá_Ìbejì_Peckham: Ẹ ò gbọ́ mi yé. N ò béèrè bí a ṣe ń wò ó sàn. Ẹni tó tà á mọ̀, ó sì tà á fún mi. Kí ọmọ yìí béèrè bóyá wọ́n lè gbà á padà.

Ọmọ_Ẹ̀gbá: Ẹ jọ̀ọ́, bàbá àgbà fi àníní oníhò ti 1936 sílẹ̀ fún mi, orúkọ Edward VIII, ọba Gẹ̀ẹ́sì, ló wà lára rẹ̀. Ṣé owó ńlá ni?

Onídẹ: Rárá, wọ́n pọ̀ níta. Ẹ tọ́jú rẹ̀ nítorí bàbá àgbà.

Ẹ̀gbọ́n_York: Ó dáa, Probus ni kó mú nígbà náà. Àwòrán rẹ̀ pọ̀ lóríṣiríṣi: òmíràn dé àkẹtẹ̀ ogun, ó gbé apata dání, òmíràn mú ọ̀pá oyè tí ẹyẹ idì wà lórí rẹ̀. Kó wo ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá XXI, àmì tí wọ́n máa ń tẹ̀ sára irú owó bẹ́ẹ̀, wà níbẹ̀. Kó sì yẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò yíká: ìlà tó bá la àárín ẹ̀gbẹ́ kọjá, ayédèrú tí wọ́n yọ́ dà ni.

Onídẹ: Àbúrò, aago mẹ́sàn-án ti fẹ́ lù. Crispus!

Ọmọ_Odò_Ọ̀nà: Ẹ ṣeun gan-an. Quintillus ni mo rà, £31. Mo mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti ṣẹ́, lẹ́tà mẹ́ta sì ti sọnù. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀: ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló kọ́ mi bí a ṣe ń kó owó wọ̀nyí jọ, ó sì ṣaláìsí lọ́dún tó kọjá. Claudius Kejì ló fi sílẹ̀ fún mi, ẹyọ kan. Ní 270, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn pa Claudius, Quintillus àbúrò rẹ̀ ló gorí oyè, kò sì lo ọdún kan. Mo fẹ́ kí àwọn méjèèjì wà nínú àpótí kan náà. Ìyá Ìbejì, mo ti béèrè, wọ́n ní àwọn á gbà á padà láàárín ọjọ́ 14. Àwọ̀ ewé kan wà lẹ́yìn ọrùn rẹ̀ nínú fọ́tò. Tó bá ti dé, màá fi igi ìtayín kàn án, màá sì gbé fọ́tò rẹ̀ síbí.

Ìyá_Ìbejì_Peckham: Ọlọ́run á tẹ́ ẹ̀gbọ́n yín sí afẹ́fẹ́ rere. Má kó wọn pọ̀ títí oṣù mẹ́ta á fi pé.