Kíkó orin kúrò lọ́dọ̀ alágbàtà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Bí ẹnìkan ṣoṣo bá kọ orin, tó ta gìtá, tó lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tó wá fẹ́ pààrọ̀ alágbàtà (iléeṣẹ́ tó ń bá a gbé orin lọ sórí ìkànnì), ṣé iye ìgbọ́ orí Spotify kò ní pòórá?

— Kò ní pòórá bí ISRC, kóòdù lẹ́tà àti nọ́ńbà 12 tí wọ́n fi ń dá orin kọ̀ọ̀kan tí a gbà sílẹ̀ mọ̀, kò bá yí padà. Kọ ọ́ sílẹ̀ kó o tó kúrò. Fáìlì ohùn WAV kan náà ni kó o gbé lọ. Jẹ́ kí ti alágbàtà tuntun hàn ná, kó o tó yọ ti àtijọ́.

— Ẹ̀dà onígìtá nìkan ńkọ́? Kóòdù tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni o.

— Owó ohùn tí a gbà sílẹ̀ nìkan ni alágbàtà sábà máa ń san. Ti ẹni tó kọ orin, MCSN, ẹgbẹ́ tó ń bá àwọn tó kọ orin gba owó ẹ̀tọ́ wọn, ni wàá forúkọ sílẹ̀ sí ní Nàìjíríà.